"Run" kì í ṣe sáré nìkan
Ẹni tó kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "run" kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju sáré lọ ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà. Ìtumọ̀ tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tò sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ju 600 lọ! Bí odò bá ń "run", ó ń ṣàn ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń "run", ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń "run" ṣọ́ọ̀bù ló ń bójú tó o. Ti ìbò ló ká mi lára jù. Olóṣèlú tó bá "run" ní Amẹ́ríkà, ó du ipò ni, kò sáré rárá. Kódà, "stand" ni àwọn ará Bìrìtìkó sábà máa ń lò fún ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ ìdúró la mọ̀ ọ́n sí.