Ojú Mẹ́rin Ní Í Bímọ, Igba Ojú Ní Í Wò Ó

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ojú mẹ́rin wà nílùú òyìnbó, nítorí tọkọtaya jọ wà níbẹ̀. Igba ojú yòókù ni kò bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú. Nílé, a kì í bẹ ìyá ìyàwó kí ó tó wá wẹ ọmọ, aládùúgbò tó bá sì gbọ́ igbe ìkókó lóru yóò kanlẹ̀kùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, ẹni tí a kò pè kò ní wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ níbẹ̀ pé kí ẹ tètè wá àwọn ojú náà jọ.

Àṣà pípa oyún mọ́ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wa ní jàǹbá. Ẹ̀rù ayé ló bí i, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ pa á mọ́ fún ayé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa á mọ́ fún agbẹ̀bí. Ó yẹ kí aláboyún ti rí i kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 10, kí wọ́n lè tètè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó wọ́pọ̀ nínú ìran wa. Ẹni tó bá san owó ìlera mọ́ owó fisà kò tún ní san owó ìgbẹ̀bí. Ilé ìwòsàn lè kọ gbèsè sí àlejò tí kò san án lọ́rùn, síbẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ tìtorí owó lé aláboyún padà. Lẹ́yìn ìbímọ, agbẹ̀bí á máa wá wò yín nílé, nọ́ọ̀sì tó ń bẹ àwọn ọmọdé wò á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn náà wà lára igba ojú. Bí ọkàn ìyá ìkókó bá wúwo, tí ó ń sunkún láìnídìí, kí ó sọ fún wọn. Àìsàn ni, kì í ṣe àìmoore sí Ọlọ́run.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ fisà màmá, ṣùgbọ́n wọ́n lè má fún un, nítorí náà ẹ bá àwọn ará ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀ nípa ta ni yóò máa se ọbẹ̀ wá.

Ojú tó ń ka ìwé òfin nìkan ni kí ẹ má yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 42 tó pé. Láti oṣù kìíní ọdún 1983, bíbí ọmọ síbẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ìlú, àfi bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí tó ti gba ìwé ìgbélùú títí láé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìrìnnà àti fisà rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde kúrò níbẹ̀.