Oorun Ni Àbí Ọ̀tá?

Ọmọ Ọ̀mù: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀mù-Àrán ni mo ń gbé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti pinnu pé n ó máa jí ní aago márùn-ún ìdájí kí n bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ọjọ́ tí mo bá ti ní mo fẹ́ ṣe é, ìjà á bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi lálẹ́. Bí kò bá sí ìjà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á ké mọ́jú. Bí ìyẹn náà ò bá sí, oorun tó máa kùn mí kì í ṣe oorun èèyàn. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí kan ló ń dènà mi, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21. Ìyàwó mi ní bọ́ọ̀lù tí mò ń wò di aago méjìlá òru ni. Ta ló sọ òótọ́ nínú wọn? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ìyàwó ẹ. Mi ò kà á tán o.

Jagunjagun Àdúrà: Ọ̀tá ni! Éfésù 6:12, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara là ń bá jìjàkadì. Dáníẹ́lì gbàdúrà, ọjọ́ 21 gbáko ni ọmọ aládé Páṣíà fi dènà áńgẹ́lì tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni pásítọ̀ yín ti rí ọjọ́ 21. Ẹ má fojú kékeré wo nǹkan yìí. Iná!!!

Dẹ̀jọ Ọ̀fà: Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbá di aago méjìlá òru?

Tísà Àjàṣẹ́: Jagunjagun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Dáníẹ́lì orí 10 kí ẹ kà á láti òkè. Dáníẹ́lì ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń dènà. Ó jáwọ́ nínú oúnjẹ aládùn, ẹran àti wáìnì, ó kọjú sí Ọlọ́run. Kò bá ọmọ aládé Páṣíà sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 ni áńgẹ́lì tó dé tó ròyìn ìjà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wákàtí mẹ́ta de Èṣù, tí ẹ tún ń tú u kí ẹ lè tún un dè, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi bá Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?

Jagunjagun Àdúrà: Ìwé ló ń da ẹ̀yin tísà láàmú. Ọ̀TÁ NI.

Ọmọ Àfọ̀njá: Mùsùlùmí ni mí o, mo kàn ń kọjá ni. Ṣùgbọ́n Ìlọrin níbí, bí ladani bá ń pe ìrun Àsùbá, ó máa ń sọ ọ́ pé ìrun sàn ju oorun lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni oorun ń bá jà, wọn ò ní fi sínú ìpè. Bọ̀dá, ẹ wá gba ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ẹ ò ní nílò álàámù mọ́.

Dẹ̀jọ Ọ̀fà: 😂😂😂 Jagunjagun, ẹ wá de ladani!

Tísà Àjàṣẹ́: Alfa sọ̀rọ̀. Ní Gẹtisémánì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù padà wá bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n sùn lọ. Kò ní ẹ̀mí oorun ni. Ó ní ẹ̀mí ń fẹ́, ara ni kò lágbára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òru tí Sátánì ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọmọ Àfọ̀njá: Èmi kì í ṣe alfa o, táyà ni mò ń tà.

Àbẹ̀kẹ́ Ìgbàjà: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àdúrà kì í kọjá ètè mi. Bí mo bá kúnlẹ̀, ara mi á tutù, ọkàn mi á lọ. Mo lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan, ó ní ìyá ọkọ mi ló jókòó lé mi lórí. Ọdún méjì ni mi ò fi kí màmá yẹn dáadáa. Bí wọ́n bá fún àwọn ọmọ mi ní àkàrà, màá gbà á lọ́wọ́ wọn sọnù. Àdúrà mi kò dára sí i, ńṣe ló tún wá gbẹ. Àìsàn dá màmá wó, èmi nìkan ló wà nílé, mo wá ń wẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń fi òrí pa wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ni mo ṣe fún ọ?" Mi ò rí nǹkan sọ. Òru ọjọ́ yẹn ni mo tó gbàdúrà. Mátíù 5 ti wà nínú Bíbélì mi látọjọ́ yìí, pé kéèyàn fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ bá arákùnrin rẹ̀ làjà ná. Èmi ò ní kò sí ọ̀tá o. Ẹni tí wọ́n fi hàn mí ni kì í ṣe ọ̀tá.

Dẹ̀jọ Ọ̀fà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ Ọ̀mù, bọ́ọ̀lù wo ni? Àbí ti Sípéènì?

Jagunjagun Àdúrà: Ẹ̀yin ni àwọn ọmọ ayé máa ń rí mú. Tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ CAC, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bá ń ro báyìí, ṣé iná ìsọjí á sọ ní 1930? Bàbá yẹn mọ̀ pé ogun ni!

Adé Odò-Ọwá: Dúró ná. Ọmọ kí ni???

Jagunjagun Àdúrà: Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Òkè-Ooye, Iléṣà. Gbogbo ayé ló mọ̀.

Adé Odò-Ọwá: Odò-Ọwá ni wọ́n bí i sí, ní 1904. Odò-Ọwá ní Kwara níbí! Ìpàdé ló ṣe ní Iléṣà. Ṣé ibi tí èèyàn bá ti lọ ṣe ìpàdé ló di ìlú baba ẹ̀?

Jagunjagun Àdúrà: Nígbà tó padà wálé lẹ́yìn ìpè rẹ̀, tó fi eérú para, tó da màrìwò bora, kí lẹ pè é? Ẹ ní orí ẹ̀ dàrú. Iléṣà ló gbà á.

Adé Odò-Ọwá: Wèrè tiwa ni! Ẹni tí a bí là ń pè ní wèrè.

Ìyá Ìbejì: 😂 Ẹni tí a bí là ń pè ní wèrè!

Ọmọ Yàgbà: Ẹ jọ̀wọ́, Èkìtì kọ́ ni àwọn ará Odò-Ọwá ń sọ ni? Èkìtì ni wọ́n.

Adé Odò-Ọwá: Ìwọ yìí, jókòó sí Kogí.

Jagunjagun Àdúrà: Àti pé ní 1904, kò sí nǹkan tó ń jẹ́ Kwara. 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Adé Odò-Ọwá: Kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà nígbà yẹn, ọ̀gá!

Tísà Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin méjèèjì, a dúpẹ́. Ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá yẹn gan-an ló ta ko Jagunjagun? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà nígbà tí ìpè dé ní 1928. Ní 1932, ìjọba òyìnbó jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Àtakò tó dójú kọ ọ́, tó ní àdírẹ́sì, tó ní adájọ́. Jákọ́bù 4:7 tí gbogbo yín ń kígbe, "ẹ kọ ojú ìjà sí Èṣù", ẹ máa ń fo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, "ẹ fi ara yín sábẹ́ Ọlọ́run". Ẹsẹ kẹjọ ló sì tẹ̀ lé e, "ẹ sún mọ́ Ọlọ́run".

Oníṣẹ̀ṣe Pọ́ńbélé: Èṣù kì í ṣe Sátánì!!! Crowther tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ló kó wa sí wàhálà, tó fi Èṣù pe Sátánì!!!

Ìyá Ìbejì: Òmíràn tún ti dé.

Oníṣẹ̀ṣe Pọ́ńbélé: ÈṢÙ KÌ Í ṢE SÁTÁNÌ.

Ọmọ Àfọ̀njá: Àwa ò bá wọn dá sí i. Ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò. Ta ló fẹ́ ra táyà?

Ọmọ Ọ̀mù: Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè mi ńkọ́? Mo ti fi álàámù sí aago márùn-ún ọ̀la.

Ìyá Ìbejì: Ìbéèrè wo?

Dẹ̀jọ Ọ̀fà: Wọn ò tíì sọ bọ́ọ̀lù tó ń wò.

Ọmọ Ọ̀mù: Ti Sípéènì ni.

Dẹ̀jọ Ọ̀fà: Mo mọ̀! Alẹ́ òní náà wọ́n ń gbá, ṣé ẹ máa wò ó?

Jagunjagun Àdúrà: Ọ̀TÁ NI.

Adé Odò-Ọwá: 1904. ODÒ-ỌWÁ. Ẹni tí kò bá gbà kó wọ mọ́tò wá, màá mú un dé ilé wọn.