Ẹ yé é sọ pé bluebell tẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀

Tó bá ti di ìparí oṣù kẹrin báyìí, àwọn èèyàn wa ní London á kó ọmọ lọ sínú igbó láti lọ ya fọ́tò láàárín bluebell, òdòdó aláwọ̀ búlúù tó máa ń bo ilẹ̀ igbó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gbé fọ́tò àwọn ọmọ ẹ̀ sórí WhatsApp wa. Ańkárá ni wọ́n wọ̀, wọ́n na gbalaja sórí òdòdó. Màmá kan rọra sọ pé kò yẹ kí wọ́n sùn lé e. Kíá ni bùrọ̀dá kan fèsì: "Ẹ má bínú mà, òdòdó igbó ni. Wọn ò ṣáà já a. Á tún hù lọ́dún tó ń bọ̀." Ni gbogbo ilé bá ń fi àtàǹpàkò sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ àti lẹ́nu àwọn tó ń mú ajá rìn nínú igbó. Gbogbo wọn ló gbà pé jíjá òdòdó nìkan ló burú, pé ohun tó bá ti ní gbòǹgbò, ẹsẹ̀ ò lè pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ gan-an ló ń pa á.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bluebell ní isu funfun kékeré kan tó dà bí àlùbọ́sà. Ọdọọdún ni isu yẹn ń tán, tí tuntun á sì rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ tí ewé bá rí pèsè látinú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ewéko náà fi ń ṣe isu tuntun, kò sì ní ibòmíì tó ti máa rí i. Àkókò tí ewé ní láti ṣe iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan. Inú òtútù ló ti ń yọ, ní nǹkan bí oṣù kìíní sí ìkejì, kí àwọn igi tó wà lókè tó rúwé. Tó bá fi máa di ìparí oṣù karùn-ún, ewé igi oak àti ti beech ti bo òkè, ilẹ̀ igbó ti ṣú. Nígbà tó bá fi di oṣù keje, ewé bluebell ti gbẹ dànù. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí òdòdó bá yọ, tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀, ni ewé náà ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́.

Ewé ọ̀hún sì rọ̀. Omi ló kún inú ẹ̀. Tí bàtà bá ti gùn ún, ó máa ń fọ́ ní ìdí, á máa yọ omi tó ń fà, tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. (Irú omi yẹn látinú isu rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi lẹ ìwé pọ̀ láyé àtijọ́.) Ojú ibi tó ti fọ́ á dúdú, ewé náà ò sì ní nàró mọ́. Bluebell kì í wá ewé mìíràn yọ lọ́dún yẹn láti fi dípò èyí tó bàjẹ́. Isu tó yẹ kó sanra á wá rù. Ewé tó máa yọ lọ́dún kejì á kéré, ó sì lè má yọ òdòdó rárá. Tí ẹsẹ̀ bá tún wá kàn án lọ́dún kejì yẹn ńkọ́?

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ èyí. Ìwádìí kan tó jáde ní 1949 lórí kíká bluebell fi hàn pé ká ká òdòdó rẹ̀ lásán kò fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, pé bíba ewé jẹ́ ló burú jù. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ máa ká a o. Òfin 1981 ní ilẹ̀ Britain kò gbà kéèyàn hú u lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, láti 1998 sì ni òfin ti ka títa èyí tó wá láti inú igbó léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọwọ́ sápò, tó wá fi bàtà la àárín rẹ̀ kọjá, kò yẹ kó máa rò pé ọwọ́ òun mọ́.

Ẹ má sọ fún mi pé èso rẹ̀ á rọ́pò. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ náà ni èso dúdú wínníwínní yẹn ń já sí. Kò ní ohun tí afẹ́fẹ́ lè fi gbé e. Láti ìgbà tó bá hù títí tó fi máa yọ òdòdó, ó kéré tán, ọdún 5 ni.

Mo máa ń lọ sí Chalet Wood ní Wanstead Park, ní ìlà oòrùn London. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti to ìtì igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀, òdòdó sì kún dé etí ìtì igi náà. Igbó kan tún wà nítòsí ilé wa tí wọn ò to nǹkan kan sí. Ìdí igi ńlá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn láti ti ya fọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo fẹ́ ki ìka bọ ilẹ̀, kò wọlé. Ó le gbagidi, kò sí ewé kan lórí ẹ̀. Mo sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀, ìka mi wọlé dé oríkèé kejì, ilẹ̀ tutù, ó rọ̀. Ọdọọdún ni ojú ibi pípá yẹn ń fẹ̀ sí i, nítorí ẹni tó bá dé á fẹ́ dúró níbi tí òdòdó ṣì wà, kì í ṣe níbi tó ti tán.

Wọ́n á ní àgbọ̀nrín náà ń tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ń jẹ ẹ́, muntjac pàápàá, ìyẹn irú àgbọ̀nrín kékeré kan, wàhálà ńlá sì nìyẹn fún àwọn tó ń tọ́jú igbó. Ṣé ó wá yẹ ká fi tiwa kún un? Wọ́n á ní bluebell pọ̀. Ó pọ̀ níbí nítorí nǹkan bí ìdajì gbogbo èyí tó wà láyé, Britain ló wà. Inú igbó tó ti wà láti 1600 tàbí ṣáájú ló sì ti máa ń pọ̀ jù, irú igbó bẹ́ẹ̀ ò ju nǹkan bí 2.5% ilẹ̀ wọn lọ mọ́.

Mo mọ ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bluebell tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, ìran ti Spain ni, tàbí àdàlù rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ dúró ṣánṣán, òdòdó yí i ká, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ó sì lágídí gan-an. Ẹ gé e títí, á tún yọ. Ti inú igbó tẹ orí wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òórùn rẹ̀ sì dùn. Ẹ má fi agídí ti ọgbà sọ̀rọ̀ nípa ti igbó.

Mo gbà pé ẹsẹ̀ ẹyọ kan lè má pa ewéko kan. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ibi tí ẹsẹ̀ ẹyọ kan ti dá lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya ọmọ yín ní fọ́tò, ẹ dá a dúró sójú ọ̀nà, níbi tí ọ̀nà ti yà kọ́rọ́, kí òdòdó lè wà lẹ́yìn rẹ̀ àti níwájú. Kí ẹni tó mú fóònù kúnlẹ̀ lójú ọ̀nà náà, kó gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa, kó wá yà á láti ìsàlẹ̀. Òdòdó tó wà létí ọ̀nà á bo ilẹ̀ tí ọmọ dúró lé, á dà bíi pé àárín wọn gan-an ló wà.