Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: Ivor Novello àti ìyá rẹ̀

Òwe tí ó sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde ti di pàṣán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìgbà tí ọmọ bá hùwà ìtìjú ní gbangba ni a máa ń rántí rẹ̀, a ó sì fi na ọmọ àti òbí pọ̀, pé bí ilé bá tòrò, òde kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. N kò ní ìlò yẹn kò tọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbé òwe náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ọmọ ń kó jáde láti ilé kì í ṣe ìwà nìkan. Ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀bùn, ó lè jẹ́ orúkọ pàápàá. Òwe náà kò sì sọ fún wa pé bí ìyá ti ṣe wọ ẹ̀ṣọ́ ni ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe wọ̀ ọ́. Ibi tí àwa òbí ti ń ṣì í lò jù lọ nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìgbésí ayé ọkùnrin ará Wales kan ti lè là wá lóye.

Ivor Novello ni ọkùnrin náà. Ó ṣeré orí ìtàgé, ó ṣe sinimá, ó kọ eré fún àwọn mìíràn ṣe, ó sì ṣẹ̀dá orin tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Cardiff ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1893. Iṣẹ́ gbígba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé ni David Davies, baba rẹ̀, ń ṣe. Clara, ìyá rẹ̀, ni ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn, nítorí olùkọ́ orin ni, ó sì ní ẹgbẹ́ akọrin obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ní ọdún tí ó bí Ivor yìí kan náà ni ó kó wọn sọdá òkun lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi àfihàn àgbáyé tí wọ́n ṣe níbẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀bùn bọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, wọ́n ti kọrin níwájú Ọbabìnrin Victoria. Ilẹ̀ Wales fúnra rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ orin, níbi tí àwọn tí ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ àti àwọn aya wọn ti ń pín ohùn orin mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, tí wọ́n sì ní ìdíje orin àti ewì tí wọ́n ń pè ní Eisteddfod. Ivor náà kọrin ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní kékeré, ó sì ṣe dáadáa.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ Clara Novello, gbajúmọ̀ olórin obìnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi sọ Clara ní kékeré, ọmọ náà sì dàgbà di ẹni orin lóòótọ́. Nígbà tí ó kan ọmọ tirẹ̀, David Ivor Davies ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n Davies kún ilẹ̀ Wales, ọmọkùnrin náà sì mú Novello lára orúkọ ìyá rẹ̀ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí ó fi sọ ọ́ di orúkọ òfin ní ọdún 1927. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ẹ̀ṣọ́ tí ó ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sí ọwọ́ ìran kejì, kí ó wo orúkọ yìí.

Ohùn ni ẹ̀ṣọ́ kejì, òun náà ni ó sì fẹ́ fa wàhálà. Ohùn ọmọ náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Magdalen College ní Oxford, níbi tí ó ti ń dá orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ìyá tí ó jẹ́ olùkọ́ orin, tí ọmọ rẹ̀ ń dá orin ní Oxford: ta ni kò ní gbà pé ọ̀nà ti là? Ṣùgbọ́n ohùn òkè ọmọdékùnrin kì í bá a dé ọjọ́ ogbó. Nígbà tí ohùn Ivor yí padà, ohun tí ó kù kì í ṣe ohùn tí ènìyàn yóò san owó láti wá gbọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ni ìtàn ìbá parí sí ibí yìí, kí ìyá máa ráhùn pé òun ti fi owó àti ọdún ṣòfò, kí ọmọ náà sì gbà pé òun ti já ilé kulẹ̀.

Ohùn ni ó lọ, etí kò lọ. Ohun tí Clara ti gbìn sínú ọmọ náà láti ìgbà tí ó ti ń rákò kọjá ọ̀nà ọ̀fun, nítorí ó ti mọ bí a ṣe ń gbé orin ró, ibi tí ó yẹ kí ó gòkè àti ibi tí ó yẹ kí ó rọlẹ̀ kí ọkàn ẹni tí ń gbọ́ ọ lè rọ̀. Ìyẹn ni ó kó jáde. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, agbẹjọ́rò, oníṣègùn tàbí oníṣòwò, tí wọ́n ń bínú pé ọmọ kò tẹ̀lé ipasẹ̀ àwọn, kò ju èyí lọ: kí wọ́n fara balẹ̀ wo ohun tí ọmọ náà mú, kí wọ́n tó ka ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ìyá náà kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ìtàn tí wọ́n sì máa ń pa ni pé Clara ní kí ọmọ òun kọ orin tí yóò gba àwọn ènìyàn níyànjú, Ivor ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ìyá bá jókòó kọ tirẹ̀, èyí tí kò dára rárá, ìtìjú rẹ̀ ni ó sì lé ọmọ dé ìdí pianó. Orin tí ó ti ibẹ̀ jáde ni ó ní kí àwọn ará ilé má ṣe jẹ́ kí iná ilé kú títí àwọn ọmọ ogun yóò fi padà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Ivor, orin kan ṣoṣo yìí sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Lena Guilbert Ford, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Ní ọdún 1918, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì wó ilé lé òun àti ọmọ rẹ̀ lórí ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú. Mi ò lè gbọ́ orin náà mọ́ láìrántí obìnrin yìí.

N kò gba gbogbo ìyá nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa ti ọmọ lẹ́yìn bí Clara ti ṣe. Clara mọ iṣẹ́ náà, ó mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́, tí ó ń ti ọmọ sínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ivor pàápàá rí bí iṣẹ́ tí kò bá ni mu ṣe ń rí nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ogun ojú òfurufú ní ọdún 1916. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ òfurufú já lulẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì fi ọgbọ́n gbé e lọ sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn ogun, ojú rẹ̀ ni ó ṣiṣẹ́ fún un. Ọkùnrin arẹwà ni, sinimá ìgbà náà kò sì ní ohùn, nítorí náà ẹni tí ohùn rẹ̀ ti lọ kò pàdánù ohun kan níbẹ̀. Láti ọdún 1920 ni ó ti ń ṣe sinimá, ó bá D. W. Griffith, olùdarí sinimá, ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1923, nígbà tí ó sì di 1927, òun ni Alfred Hitchcock, olùdarí sinimá mìíràn, fi ṣe ayálégbé tí gbogbo ènìyàn fura sí pé ó ń pa obìnrin ní òru Lọ́ńdọ̀nù, nínú eré tí ó gbé Hitchcock fúnra rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ẹwà ojú kì í ṣe ohun tí a kọ́, kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ivor lọ sí Hollywood, ohun tí ó sì rí ṣe jù lọ níbẹ̀ ni kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Ó wà lára àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ fún sinimá Tarzan ti ọdún 1932, ẹni inú igbó tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀! Kò jókòó ti ẹ̀gàn náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, sí orí ìtàgé.

Ní ọdún 1935 ni gbogbo ohun tí ó ti kó jọ wá pàdé ara wọn. Ilé eré ńlá Drury Lane ń wá ohun tí yóò gbé e dìde, Ivor sì kọ eré olórin kan fún un, nínú èyí tí ọkọ̀ ojú omi ti rì lójú àwọn òǹwòran. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ilẹ̀ mì lórí ìtàgé kan náà. Ní 1937, ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin ni ó kàn. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àṣehàn ti pọ̀ jù, èmi náà sì gbà pé ó pọ̀. Síbẹ̀ orin ni àwọn ènìyàn ń kọ lọ sílé, Christopher Hassall ni ó sì ń bá a kọ ọ̀rọ̀ sí wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé Ivor fúnra rẹ̀ ni olórí òṣèré nínú eré wọ̀nyí, ó sì yan ipa tí kò ní orin kíkọ nínú fún ara rẹ̀. Ó gbé orin tí ó dára jù fún àwọn bíi Mary Ellis, tí ohùn wọn lè gbé e, òun sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Olùkọ́ orin ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ orin sì ni kí ó mú ohùn ẹlòmíràn tàn.

Clara kú ní ọdún 1943, ọdún tó tẹ̀lé e sì ni ẹ̀wọ̀n kan Ivor. Ogun kejì ti mú kí epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n, ìjọba kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi mọ́tò ara rẹ̀ ṣe ìrìn àjò tí kò kan ogun. Ivor ní Rolls-Royce kan tí ó máa ń gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní ìgbèríko ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn kò fún un ní àṣẹ, ni obìnrin kan tí ó fẹ́ràn eré rẹ̀ bá dá ọgbọ́n pé kí wọ́n kọ mọ́tò náà sí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́. Àṣírí tú. Ilé-ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún un, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí mẹ́rin, ó sì ṣe é ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Wormwood Scrubs. Ọ̀pọ̀ ló káàánú rẹ̀, wọ́n ní ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, nígbà tí ó sì padà sórí ìtàgé, àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Èmi kò lè dá a láre. Ọkọ̀ ojú irin wà, àwọn tí ń ra tíkẹ́ẹ̀tì eré rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ohun tí ó kó jáde láti ilé kò wúwo fún un rí, ohun tí ó kó ní òde ni ó gbé e ṣubú.

Láti ọdún 1913 ni ó ti ń gbé lókè ilé eré kan ní Aldwych, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni ó padà sí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣe eré rẹ̀ tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1951, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ní ọdún 2005 ni wọ́n fi Novello sọ ilé eré náà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1956 ni wọ́n ti ń fún àwọn tí ó ń ṣẹ̀dá orin ní ẹ̀bùn tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ohùn dídùn ni wọ́n fi ń fún ni. Ní ọdún 2017, Joseph Adenuga, ẹni tí ayé mọ̀ sí Skepta, ni wọ́n fún ní ti ẹni tí ó ta yọ jù lọ nínú ṣíṣẹ̀dá orin ní ọdún náà. Ilé àwọn òbí tí wọ́n ti Nàìjíríà wá sí Tottenham ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti jáde, ilé tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń kọ rap tí àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń ṣe ètò orin lórí rédíò. Ní ọdún 2018, ó wá sí ìlú baba rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì fi í jẹ oyè Amúlùúdùn.