Ṣíṣí ìgò Barolo sílẹ̀ kì í jẹ́ kó "mí"

Àwọn èèyàn gbà pé tí wọ́n bá ti yọ kọ́ọ̀kì Barolo, wáìnì pupa ilẹ̀ Ítálì, ní wákàtí kan kí àlejò tó dé, ọtí náà á ti mí dáadáa, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ á ti kàn án débi tí òórùn rẹ̀ á fi tú jáde. Irọ́ ni. Ẹnu ìgò wáìnì ò fẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 18 lọ, torí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan ọtí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìyókù ọtí dúró gbári nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì lè débẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ojú ọtí á fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100 ó lé, dídà tí ẹ sì ń dà á gan-an ti ń po afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Tí kò bá sí jọ́ọ̀gì, ẹ kọ́kọ́ bu gíláàsì kan kúrò, bíi mílílítà 150, kí ọtí lè fà sẹ́yìn dé èjìká ìgò.

Èso àjàrà Nebbiolo nìkan ni wọ́n fi ń ṣe Barolo, ní Piedmont, lápá àríwá Ítálì. Òfin DOCG tó dé e (òfin tí Ítálì fi ń dáàbò bo ojúlówó wáìnì) ò jẹ́ kó jáde àfi tó bá lo oṣù 38, 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá onígi. Ti Riserva, irú Barolo tí wọ́n ń fi pamọ́ pẹ́ jù, jẹ́ oṣù 62. Síbẹ̀, ọmọdé ló ṣì jẹ́ lọ́jọ́ tó jáde. Wákàtí kan sí méjì nínú jọ́ọ̀gì á tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tánníìnì tó ń fún ẹnu pọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ ò rí i bá jà. Ẹran ọlọ́ràá ló ń rọ̀ ọ́.

Èyí tó ti lé ní ọdún 20 yàtọ̀ pátápátá. Òórùn tirẹ̀ tètè ń fò lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sì kúnná. Ẹ gbé ìgò náà dúró fún ọjọ́ kan sí méjì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lè rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọrùn ìgò, ẹ rọra máa dà á láìdúró rárá (tí ẹ bá gbé ìgò nàró padà láàárín, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á dàrú), kí ẹ sì dáwọ́ dúró tó bá ti yọjú sí èjìká.

Nígbà mìíràn, ooru ni ẹ̀ ń pè ní àìmí. Tí ooru ọtí bá tó ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára ọtí inú rẹ̀ ló máa gba imú yín. Ẹ ki ìgò bọ omi oníyìnyín fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó lè bọ́ sí 16 sí 18.

Tó bá ń rùn bíi páálí tó mumi, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Kò sí jọ́ọ̀gì tó lè wò ó. Ẹ dé e padà, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó tà á.