Ẹ jẹ́ ká máa gun ọkọ̀ orí yìnyín àtijọ́

Èrò ọkàn mi rèé, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́: ẹni tó bá ní snowmobile (ọkọ̀ orí yìnyín) àtijọ́ tó lágbára, irú èyí tó ti wọ́n bí ojú, tó wá fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún, kò tọ́jú rẹ̀. Ó ń pa á díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní gbà. Níbi tí àwa tó fẹ́ràn ọkọ̀ wọ̀nyí bá ti pàdé, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì rìn jìnnà ni wọ́n máa ń pọ́n lé jù. Gbogbo èèyàn á pé lé e lórí, wọ́n á máa wo iye maili tó wà lójú aago rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ìjókòó rẹ̀ kò ya, rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń yí láti tì í lọ, kò tíì họ. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìta nìkan lojú rí. Inú ẹ́ńjìnnì lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ orí yìnyín alágbára ayé ìgbà yẹn ló ń lo ẹ́ńjìnnì two-stroke. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì àti bẹntiróò jọ ń wọlé ni, wọ́n sì jọ ń jóná. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tó bá fara kan irin bó ṣe ń kọjá lọ ni àwọn béárìn inú rẹ̀ ń rí lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ti tó. Bí kò bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ irin á ṣàn kúrò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rinrin á gba ipò rẹ̀, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún níbi tí ojú kò lè dé. Àwọn síìlì rọ́bà tó wà létí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà á gbẹ, wọ́n á le, afẹ́fẹ́ á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti pọ̀ ju epo lọ nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí, ooru rẹ̀ á kọjá ààlà, písítìn á yọ́. Ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá wá sọ pé òun fẹ́ fi hàn àlejò bó ṣe ń dún, ọjọ́ náà gan-an ló máa bà á jẹ́.

Ọ̀ràn epo náà tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bẹntiróò tí wọ́n ń tà lónìí ni wọ́n ti ń po ethanol, irú ọtí kan, èyí tó máa ń fa omi mọ́ra, tó sì máa ń jẹ àwọn rọ́bà àtijọ́ tí wọn kò ṣe fún un. Bó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀, yóò di ohun lílẹ̀ tó ń dí àwọn ihò tíntìntín inú rẹ̀. Eku a sì máa tẹ́ ìtẹ́ sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Gbogbo èyí kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn déédéé.

Kì í sì í ṣe torí àwòṣífìlà ni wọ́n ṣe dá ọkọ̀ yìí sílẹ̀. Joseph-Armand Bombardier, ará Valcourt ní ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà, pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nígbà òtútù ọdún 1934, nítorí pé yìnyín dí ọ̀nà, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn. Ó ti ń dán ọkọ̀ orí yìnyín wò ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tó di 1937, ó ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń ṣe ọkọ̀ ńlá tó ń kó èèyàn kọjá lórí yìnyín. Ní 1959 ló gbé Ski-Doo jáde, ọkọ̀ kékeré tí ẹnì kan lè dá gùn. Ní 1960, Edgar Hetteen, ọ̀kan lára àwọn tó dá Polaris, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ yìí, sílẹ̀ ní Roseau ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ orí yìnyín la Alaska kọjá láti Bethel dé Fairbanks, ìrìn àjò tó lé ní 1,000 maili, kí aráyé lè gbà pé nǹkan yìí ṣeé gbára lé. Lọ́dún yẹn kan náà ló fi Polaris sílẹ̀, tó lọ dá iléeṣẹ́ tó di Arctic Cat sílẹ̀ ní Thief River Falls. Rírìn ni gbogbo ìtàn rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje agbára dé. Eagle River ní Wisconsin ti ń gbàlejò eré ìje ọkọ̀ orí yìnyín láti 1964, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ yìí ti lé ní 100. Ọ̀pọ̀ wọn ló kógbá sílé láàárín ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ọdún 1990 sókè ni agbára di wàhálà gidi. Arctic Cat gbé Thundercat dé, Ski-Doo gbé Mach Z dé, Polaris gbé Storm dé, sílíńdà mẹ́ta-mẹ́ta ni gbogbo wọn ní. Yamaha ti gbé V-Max 4 jáde ní 1992: sílíńdà mẹ́rin, two-stroke tí omi ń tù, àpapọ̀ àyè inú sílíńdà rẹ̀ sún mọ́ 750 cc. Òun ni mo ní. Òun ni mo ń gùn.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ọ̀rọ̀ sọ bó ṣe rí kó tán, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó wúwo níwájú. Bẹ́ ẹ bá sáré wọ kọ́nà, ẹ gbọ́dọ̀ fi gbogbo ara yín sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ fún un, ọwọ́ nìkan kò tó. Bẹ́ ẹ bá fún un níná díẹ̀, ó máa ń kùn jẹ́jẹ́. Bẹ́ ẹ bá wá fún un dáadáa, ibì kan wà tí ẹ́ńjìnnì náà máa dé tí gbogbo agbára rẹ̀ á já lu yín lẹ́ẹ̀kan náà, tí apá yín á nà tán. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ìró rẹ̀ ṣe máa ń dúró sójú kan nígbà tí eré ń pọ̀ sí i. Kílọ́ọ̀ṣì méjì (àgbá yíyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè pa dé tàbí kó ṣí) tí bẹ́líìtì so pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ọ̀kan ń pa dé, èkejì ń ṣí, bẹ́líìtì ń gun ọ̀kan ó sì ń wọlẹ̀ nínú èkejì, ẹ́ńjìnnì á sì dúró síbi tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Ìró kan ṣoṣo ni etí ń gbọ́, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò sọ fún yín pé eré ti pọ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun yára, wọ́n fúyẹ́, bíréèkì wọn dára ju tèmi lọ fíìfíì. Síbẹ̀ ohun tí mo ń sọ yìí kò sí nínú wọn.

Àwọn tó ta kò mí ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: bí písítìn bá fọ́, níbo la ti máa rí òmíràn? Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọ̀nyí ń ṣọ̀wọ́n. Yamaha fúnra rẹ̀ kéde ní 2023 pé òun kò ní ṣe snowmobile mọ́ lẹ́yìn ti ọdún 2025. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi sí ìbẹ̀rù yẹn ni pé ká mọ bí a ṣe ń gùn ún. Bí òtútù bá ṣe le tó ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ki tó. Afẹ́fẹ́ tó ki ń fẹ́ epo púpọ̀ sí i, torí náà ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí òtútù mú kíkankíkan gbọ́dọ̀ ti pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ rẹ̀, ihò tó ń díwọ̀n epo, sí èyí tó tóbi jù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: bó bá funfun, epo kò tó, ẹ má lọ síwájú. Ẹ má sì gbé e sórí yìnyín líle gbagidi tí kò ní èyí tó rọ̀ lórí. Yìnyín rírọ̀ tí rọ́bà ìsàlẹ̀ ń fọ́n sókè ló ń tu omi inú ẹ̀rọ lójú, òun náà ló ń mú kí ike tí rọ́bà ń yọ̀ lé lórí má gbóná jù. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní tètè fọ́ písítìn.

Ìmọ̀ yìí ló tún ń kó mi lọ́kàn sókè ju irin lọ. Àwọn tó lè tẹ́tí sí kábúrétọ̀ mẹ́rin kí wọ́n sì tún wọn ṣe títí gbogbo wọn á fi máa mí pọ̀ ti ń dàgbà. Díẹ̀ nínú ìmọ̀ náà wà nínú ìwé, ọwọ́ àti etí ni ìyókù wà. Ta ni wọ́n máa kọ́ nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá wà lábẹ́ aṣọ? Ọ̀dọ́ kò lè kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún lára ohun tí kò dún.

Mo gbà pé èéfín two-stroke kò dára fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣòfin lórí èéfín snowmobile tuntun ní 2002, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó fẹ́ máa gun ọkọ̀ lójoojúmọ́, kó ra tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ sálẹ́ńsà tí ọkọ̀ bá wá, tẹ́ ẹ ń fi páìpù òfìfo rọ́pò rẹ̀, ẹ ń bá gbogbo wa jẹ́. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lára ọ̀nà tí a ń gùn gbà kọjá. Bí ariwo bá ti sú onílẹ̀, yóò fi okùn dí ọ̀nà náà, tàgbà tèwe, tuntun àti àtijọ́, kò sẹ́ni tó máa kọjá mọ́. Ẹ̀gbẹ́ tó ń tún ọ̀nà ṣe á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ láti ilé dé ilé. Inú máa ń bí mi gan-an sí i.

Ní ti àtúnṣe, èmi a máa pààrọ̀ ohunkóhun tó bá ń gba ẹ̀mí là: páìpù epo, síìlì, ìjánu, iná. Ẹ́ńjìnnì, kábúrétọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe wá ni mo ń fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sùn tipẹ́, kó má kàn fa okùn rẹ̀ lónìí. Kó kọ́kọ́ da gbogbo epo inú rẹ̀ nù, kó tú kábúrétọ̀ kó fọ̀ wọ́n. Kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó kán ọ́ìlì sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́. Kó dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kó wò ó bóyá yóò jò. Bó bá jò, síìlì ló kàn. Bí kò bá jò, ó ti tó àkókò láti gbé e jáde.