Nọ́ńbà CAC kò sọ pé àjẹ́ńsì ṣeé fọkàn tán

"Ẹ yẹ àjẹ́ńsì tó fẹ́ bá yín wáṣẹ́ wò ní CAC. Bó bá ti wà níbẹ̀, ojúlówó ni." Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ́n láàárín àwa tí eré wa ṣàjèjì: alágéré, olókìtì, àwọn tó ń fi iná dárà, àwọn tó fín ara láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Irọ́ ni, ó sì ti kó bá èèyàn.

CAC ni àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ òwò àti kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà. Orúkọ ló ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta bàtà lè forúkọ sílẹ̀, gbájúẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀, bí orúkọ yẹn ò bá ti jọ tẹlòmíràn, tó sì san owó ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé eléré mélòó lo ti wáṣẹ́ fún, ṣé o sanwó wọn? Nọ́ńbà tó ní BN níwájú, orúkọ òwò lásán ni, ẹnì kan ṣoṣo lè gbà á. RC ni ti kọ́ńpìnnì, òun náà ò sì jẹ́rìí ìwà ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan kọ̀wé sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Wọ́n ti rí fídíò ẹ̀ lórí agéré. "Irú yín gan-an là ń wá." Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai, oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ó ti pé ọdún 12 táwọn ti ń kó eléré lọ síbẹ̀. Wọ́n fi àwòrán ìwé CAC ránṣẹ́, wọ́n wá ní kó san owó fọ́ọ̀mù, ₦45,000. Ó ti fẹ́ san án, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ń pè sóde ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré lọ́dún, tẹ́nì kan wá sọ fún un pé òun gan-an làwọn ń wá, ọkàn ẹ̀ á yọ́. Ibi tí wọ́n ti ń mú wa nìyẹn.

Mo wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC, ọ̀fẹ́ ni. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo wá wo ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀: kò tíì pé oṣù méjì. Ọdún 12 dà? Ọ̀pọ̀ tó ń yẹ CAC wò, orúkọ nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ wo ọjọ́, ẹ wo àdírẹ́sì. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ ìwé oníwèé ni wọ́n ń fi hàn, nítorí náà ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà fóònù iléeṣẹ́ ọ̀hún síta, kẹ́ ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ló kọ̀wé sí yín.

Àṣẹ àtimáa kó èèyàn lọ síṣẹ́ tún yàtọ̀ sí ìwé CAC. Lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á ní Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní California: kéèyàn tó máa wáṣẹ́ fún eléré, ó gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́tọ̀, kó sì fi ìdúró owó $50,000 sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ ò gbà á láyè láti gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ eléré.

Owó fọ́ọ̀mù yẹn gan-an lẹ jẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Bí èèyàn 100 bá san ₦45,000, mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ náírà ti wọlé, àjẹ́ńsì ò sì tíì wá iṣẹ́ kankan. Kí ló tún fẹ́ wá a fún? Èyí tó ń ṣiṣẹ́ tòótọ́, inú owó tó bá bá eléré gbà ló ti ń yọ kọmíṣọ̀n tiẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ₦45,000 náà nínú owó oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà ká lè pè wọ́n níbẹ̀. Àmì búlúù méjì yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti blọ́ọ̀kì ẹ̀.